Ìwé Kejì sí Onígìtá

Ọ̀gá Oyèdòkun, ẹ kú iṣẹ́ o.
Èmi Mosúnmọ́lá ni, ìyá oníṣíà,
tí ń kó àga wá sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ní Arówómọlé
ní gbogbo Sátidé, kí oòrùn tó rọ̀.
Ẹ lè máà mọ orúkọ mi. Ẹ mọ àga mi:
aláwọ̀ ewé, tí mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí lẹ́yìn.
Orí ọ̀kan nínú wọn lẹ ń jókòó sí,
èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sán, tí mo fi wáyà dì.

Ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo tún kọ èyí sí, ẹ forí jì mí.
Ìwé mi àkọ́kọ́, Adétòró akọrin ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ agbọ́tí.
Ó kà á jáde. Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín:
"Orin tí kò lórúkọ! Ta ló ń tọrọ orin tí kò lórúkọ?"
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ka ẹsẹ̀ àga tí mo ti kà.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo fún ni mo ní lọ́kàn,
tí àwọn ọmọ yunifásítì fi ń gun tábìlì mi.
Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń ta á,
nígbà tí kò sẹ́nìkan lábẹ́ igi kajú,
tí Làmídì ń fa wáyà,
tí jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó tó fín aáṣáà,
tí trélà ọ̀nà Ìlọrin ń kùn lókèèrè.
Ẹ ó lọ́ okùn gìtá, ẹ ó tẹ́tí, ẹ ó tún un lọ́,
ìka yín á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ó máa ń gòkè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀,
á wá rántí pé kò pọn dandan,
á fi ìró mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀.
Ibẹ̀ yẹn.
Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́,
tí mo ń nu àga kan ṣoṣo títí ọ̀dà rẹ̀ fi ń bó.

Mi ò ní purọ́: ọkọ mi ò kú, ọmọ mi ò sọnù,
mi ò ní ẹkún tí mo fẹ́ fi ra orin.
Ó kàn jẹ́ pé láti Sátidé dé Sátidé
gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ló ń bi mí ní nǹkan.
"Ìyá oníṣíà, èló?" "Ìyá oníṣíà, ó ku méjì."
"Ìyá oníṣíà, èyí ti kán, ta ló máa san?"
Ìró mẹ́ta yẹn ò bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ gbìyànjú lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí yín.
Ẹ wò yíká, ẹ mi orí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ.
Fèrè já wọ inú rẹ̀, onílù gbá tẹ̀lé e,
ìró mẹ́ta di ọgbọ̀n, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń jó.
Ó dùn. Èmi gan-an jó díẹ̀.
Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín rèé:
ẹ gbàgbé pé mo tọrọ rẹ̀.
Ní Sátidé tó ń bọ̀, bẹ́ ẹ bá dé, ẹ má wẹ̀yìn wò mí.
Ẹ ṣe bí ẹni pé àkísà ni mo wà fún.
Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ kì í pàtẹ́wọ́;
èmi ni mo pàtẹ́wọ́, ẹ̀bi mi ni.

Mo ti gbé àga tuntun sí àyè yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé mẹ́rin.
Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èyí tó sán yẹn
ló ń mú yín rọra jókòó,
tó ń mú ìka yín rọra rìn,
ẹ fi ojú sọ fún mi.
Mi ò tíì jù ú nù. Wáyà rẹ̀ ṣì le.